Bàbá wa wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù: kí ni kí àwa tó ń ṣọ́ wọn máa ṣe?

Àbíkẹ́yìn_Bàbá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti da bàbá mi dúbúlẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gbìyànjú, àmọ́ àwọn méjì péré ló ń wo wọ́ọ̀dù lálẹ́. Àná ni mo rí i pé òkè ìdí wọn ti pọ́n. Tó bá di òru, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kí ni kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ṣe tí a ò fi ní dí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́?

Ìyá_Wọ́ọ̀dù:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ọdún 22 ni mo ti fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Pípọ́n yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé ìka kúrò. Tí ojú ibẹ̀ bá funfun díẹ̀ kó tó tún pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ráyè rìn. Tó bá pọ́n bẹ́ẹ̀ láìyí padà, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí awọ ò tilẹ̀ tíì bó. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kẹ́ ẹ tó sọ fún nọ́ọ̀sì. Lára ẹni tó dúdú dáadáa, pípọ́n náà lè má hàn, ẹ fọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná tàbí ó le ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Egungun ló ń tẹ ẹran mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Yíyí ni oògùn rẹ̀, wákàtí méjì méjì la sì sábà máa ń yí irú wọn. Ẹ má fi wọ́n lélẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ gbọnrangandan, torí egungun ìbàdí á tún jìyà. Ẹ kàn dà wọ́n díẹ̀, kí ẹ ki ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn. Ẹ fi ìrọ̀rí míì sábẹ́ ẹsẹ̀, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan. Ẹ má wọ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì o! Ẹni méjì ni kó fi aṣọ tó wà lábẹ́ wọn gbé wọn. Ẹ má sì fọwọ́ ra ibi tó pọ́n. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, àmọ́ ẹ má ṣe é.

Ògidì77:
Ẹ má fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn fà wọ́n dìde. Èmi ki ọwọ́ bọ abíyá ìyá mi, mo fà wọ́n sókè. Iṣan tó ń di èjìká mú ti dẹ̀, èjìká bá yẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ké ìrora.

Àbíkẹ́yìn_Bàbá:
Háà, ẹ ṣeun gan-an. Tí mo bá fún wọn lómi, wọ́n máa ń wúkọ́. Ṣé kí n máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ ni?

Ìyá_Wọ́ọ̀dù:
Ẹ dáwọ́ dúró ná! Rọpárọsẹ̀ a máa mú ọ̀fun, omi á sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu títí dókítà á fi yẹ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Tí dókítà bá gbà, kí wọ́n jókòó ṣánṣán, ṣíbí kékeré, kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bóyá oúnjẹ há síbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ tíì dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ.

Alẹ́_Ni_Tèmi:
Nọ́ọ̀sì lèmi náà. Ní ti ariwo òru, ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó ń japá jasẹ̀, a rò pé orí rẹ̀ ló dàrú. Mo gbé aṣọ sókè, rọ́bà ìtọ̀ ti ká sábẹ́ itan rẹ̀, àpò ìtọ̀ gbẹ táútáú. Mo tọ́ rọ́bà náà, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò pẹ́ ó sùn lọ. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó: ṣé ìtọ̀ ń jáde, ṣé wọ́n ti yàgbẹ́, ṣé ibi tí abẹ́rẹ́ dírípù wà ti wú? Tí ìdàrúdàpọ̀ náà bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, kí dókítà gbọ́, torí ó lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn ti wọlé.

Pé ọ̀rọ̀ ò jáde kò ní kí wọ́n má gbọ́. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi orí dáhùn. Ṣé wọ́n ń lo jígí?

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ má kó gbogbo ẹbí lọ o, ẹnì kan lọ́sàn-án, ẹnì kan lálẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó kàn wọ́n àti lẹ́yìn rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn_Bàbá:
Mo tẹ̀ ẹ́, kò funfun. Nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì, wọ́n sì ti gbé tìmùtìmù onífẹ́ẹ́fẹ́ wá. Lọ́la ni wọ́n máa yẹ ọ̀fun wọn wò.

Jígí náà, inú báàgì mi ló wà láti ọjọ́ tí a gbé wọn dé. Mo fi sí wọn lójú. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí aago ara ògiri. Mo ní, "Aago méjìlá ni, bàbá mi." Wọ́n mi orí, wọ́n di ojú. Aago méjì ni mo máa yí wọn.