Àdúrà ni àbí ṣọ́bìrì? Ẹ sọ tiyín

Ẹyẹlé Funfun
Ẹ kú ilé o gbogbo ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Omiyalé ya ilé ọ̀kan nínú wa, ògiri ẹ̀yìnkùlé wó, ẹrẹ̀ kún pálọ̀ ẹ̀ dé orúnkún, fóòmù, fìríìjì, ìwé àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló bómi lọ. A gbé e kalẹ̀ nípàdé, a fi bíi wákàtí kan ààbọ̀ sọ ọ́, ibi tí wọ́n wá fàbọ̀ sí ni pé kí gbogbo wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un. Mo ní ṣé ẹ ò rí i pé ó yẹ ká dáwó, alága ní "sístà, owó kọ́ ni gbogbo nǹkan". N ò sọ pé àdúrà ò dáa o, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí omi ti lé jáde nílé rí, ẹ̀yin tí iná ti jó ní ṣọ́ọ̀bù rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló gbà yín gan-an lọ́jọ́ yẹn?

Ọmọ Kúdẹtì
Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta! Ẹni tómi gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀ lọ ṣebí ó ti ń gbààwẹ̀ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ 😂

Jagunlabí
Àmín.

Ọmọ Kúdẹtì
Àmín sí kí ni? Ìbéèrè ni wọ́n bi wá.

Ìyá Ìbejì
Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbé lọ́dún 2011. Ẹni tó bá wà n'Ìbàdàn nígbà yẹn á ti mọ ibi tí mò ń lọ. 26 August, ọjọ́ Jímọ̀, ààwẹ̀ Ràmàdáànì ti ń parí lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, a rò pé òjò lásán ni, àwọn ará ilé wa tó jẹ́ mùsùlùmí ṣì ń ṣínu lọ́wọ́, ìgbà tó máa fi di òru odò ti gba ojú ọ̀nà, afárá Apẹ̀tẹ̀ já, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ bọ́ sí Ẹlẹ́yẹlé. Ọkọ mi wà l'Ékòó. Mo gbé àwọn ọmọ méjèèjì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, èmi dúró sórí tábìlì, mo di kọ́bọ́ọ̀dù yẹn mú bí ẹni di màlúù mú torí omi ti ń gbé e jó. Àdúrà? Mo gbà á o. Mo gba èyí tí mo mọ̀, mo gba èyí tí n ò mọ̀. Ilẹ̀ mọ́, omi fà, ó ku ẹrẹ̀, òórùn ṣálángá, àti ewúrẹ́ kan tó kú sínú kíṣìnì mi, n ò mọ olówó ẹ̀, n ò mọ ibi tó gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì ẹgbẹ́ àdúrà ìjọ tí mò ń lọ nígbà yẹn dé, àwọn mẹ́jọ, aṣọ wọn mọ́ nigín-nigín. Wọ́n dúró sórí àtẹ̀gùn níbi tó gbẹ, wọ́n gbàdúrà fún ohun tó lé ní wákàtí kan, wọ́n fi òróró kun férémù ilẹ̀kùn. Ẹ wò ó, ìlà tí omi fà sára ògiri ga ju ibi tí ọwọ́ wọn kùn lọ. Ọ̀kan nínú wọn wá ríran pé ẹnì kan nílé bàbá mi ló rán omi sí mi. Gbogbo Apẹ̀tẹ̀ lomi gbé o, ilé bàbá tèmi nìkan ni wọ́n rí! Wọ́n lọ tán, ewúrẹ́ wà níbi tó wà.

Ìyá alákàrà tó wà ní òdìkejì wa ló wá dé, bẹ́ẹ̀ omi ti gbé agbada dídín tiẹ̀ náà lọ. Ó ká ìró dé orúnkún, ó gbé ẹ̀kọ mẹ́wàá wá nínú rọ́bà, kò tiẹ̀ kí mi lọ títí, ó kàn ní "ọmọ mi, ọwọ̀ dà?" Ó wọ́ ewúrẹ́ yẹn lẹ́sẹ̀ jáde, gbogbo bó ṣe ń wọ́ ọ ló ń ké "astagfirulai, astagfirulai". Ìdí nìyẹn tí n ò fi lè sọ pé obìnrin yẹn ò gbàdúrà.

Ọlọ́jà Bódìjà
Ọwọ̀ dà. Ìyá yẹn ò ní ṣòfò láyé.

Bàbá Ẹlẹ́ran
Ta ló wá ni ewúrẹ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkùnrin kan dé láti ìsàlẹ̀, ó ní wọ́n sọ fóun pé ilé mi ni ewúrẹ́ òun kú sí, ó fẹ́ gbowó!

Bàbá Ẹlẹ́ran
😂😂😂 Ó lẹ́jọ́ o.

Atọpinpin
Kọ́bọ́ọ̀dù ń jó lórí omi, ọmọ méjì wà lórí ẹ̀, kò sì dojú dé? Hmm.

Ìyá Ìbejì
Àwọn ọmọ yẹn ti wà ní yunifásítì báyìí, máa bọ̀ wá bi wọ́n.

Ọmọ Pásítọ̀
Ẹ má bínú, gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, orí àwọn tó ń gbàdúrà lẹ máa ń fọ́ ọ sí. Bàbá mi ni pásítọ̀ ìjọ kékeré kan lápá Orógun lọ́dún 2011 yẹn. Òru ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn sùn sórí bẹ́ǹṣì fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, mùsùlùmí wà níbẹ̀, ẹlẹ́ṣìn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, màmá mi ń dáná fún wọn títí gáàsì fi tán tó wá bọ́ sórí igi. Kò sẹ́ni tó ya fídíò ẹ̀. Àwọn mẹ́jọ tó wá dúró sórí àtẹ̀gùn yìí, ìwà wọn nìyẹn, kì í ṣe àdúrà ló bí i. Jákọ́bù orí kejì tiẹ̀ ti sọ ọ́, pé tó o bá sọ fún ẹni tí kò láṣọ tí kò jẹun pé kó máa lọ ní àlàáfíà, tó ò fún un ní nǹkan, èrè kí ló wà níbẹ̀.

Àfáà Kékeré
Ọ̀dọ̀ tiwa náà, ọkùnrin kan bi Ànábì (S.A.W) pé ṣé kóun so ràkúnmí òun ni àbí kóun fi í sílẹ̀ kóun gbára lé Ọlọ́run. Ó ní so ó, kó o tó gbára lé E.

Ọmọ Kúdẹtì
Àfáà, a ò ní ràkúnmí n'Ìbàdàn.

Àfáà Kékeré
Ẹ so ewúrẹ́ yín.

Bàbá Ẹlẹ́ran
Mo kú o 😂😂😂

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ọmọdé, 2011 lẹ mọ̀. Odò Ògùnpa n'Ìbàdàn tó kún ní 1980 ńkọ́? 31 August, ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí, òkú lé ní 200. Bẹ́ẹ̀ ó ti kún ní 1963, ó kún ní 1978, a sì ń pè é ní àmúwá Ọlọ́run. Mo wà lára àwọn tó ń wá èèyàn kiri nísàlẹ̀ Mọ́lété, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Ohun tí mo fojú mi rí tó dí abẹ́ afárá pa, kì í ṣe àjẹ́. Táyà ni, fóòmù àtijọ́, igi, páànù, ìdọ̀tí ọjà, àti pẹ̀lú ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń kọ́ bọ̀ wá sẹ́nu odò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí òkú ti sùn tán ni wọ́n wá gbẹ́ Ògùnpa tí wọ́n mọ kọnkéré sí i lápá. Ẹ ń jiyàn àdúrà àti ṣọ́bìrì lẹ́yìn tómi ti kún, èmi ń sọ ti ṣọ́bìrì oṣù March, kójò tó dé.

Ọlọ́jà Bódìjà
Tísà ẹ dákẹ́ jàre, àwọn ará ilé ńlá ló ń dalẹ̀ sínú àgbàrá, àwa ọlọ́jà ni wọ́n máa ń dárúkọ.

Ọmọ Kúdẹtì
Irọ́! Mo fojú ara mi rí yín lọ́jà, tójò bá ti ṣú báyìí kálukú á gbé agbọ̀n ìdọ̀tí ẹ̀ dúró bí ẹni ń dúró de mọ́tò.

Ọlọ́jà Bódìjà
Ìwọ ò dà á rí?

Ọmọ Kúdẹtì
...Ó ti pẹ́.

Oníṣẹ̀ṣe
Nígbà ogun, orí òkè làwọn bàbá wa sá sí, wọn ò sá sí àbàtà. Ìgbà tí òkè gbà wọ́n tán ni wọ́n wá ń bọ Òkè'Bàdàn títí dòní. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré, ẹnu tó wá dúpẹ́. Ẹ̀yin ra ilẹ̀ lójú odò lówó pọ́ọ́kú, ẹ wá ń bá odò ṣẹ̀jọ́.

Ìyá Ìbejì
Ta ló ra ilẹ̀? Háyà ni mo háyà.

Ará London
Mo ti ń kà á láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ rántí Grenfell, ilé gogoro tó jóná níbí ní London, 14 June 2017. Fìríìjì kan ló gbiná ní àjà kẹrin, aago kan òru ò tíì lù, iná yọ síta, ó wá ń gun ara ilé lọ nítorí àwọn pátákó tí wọ́n fi bo ilé náà lára, wọ́n tún ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó sínú ilé wọn. Èèyàn 72 ló bá a lọ. Oṣù ààwẹ̀ náà ni o, bíi ti Ìyá Ìbejì. Àwọn mùsùlùmí tí kò tíì sùn nítorí sààrì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn káàkiri, wọ́n ń jí aládùúgbò. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀, ṣé àdúrà ló gba àwọn yẹn là ni, àbí ẹni tó gbá ilẹ̀kùn? Èmi ò rí ibi tí mo fẹ́ gé e sí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò ṣí sílẹ̀. Èmi lọ bá wọn ṣa aṣọ ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá Westway, ẹrù táwọn èèyàn kó wá pọ̀ débi pé wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó wá mọ́. Mo fọwọ́ ara mi yọ bàtà gogoro kan nínú báàgì. Ẹsẹ̀ kan. Òsì.

Ọmọ Pásítọ̀
Ẹsẹ̀ kan kẹ̀!

Atọpinpin
Bóyá ẹni tó mú un wá ń gbàdúrà pé kí ẹ rí ìkejì.

Adéhùn
Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Iná jó ilé wa, wọ́n gbé àpò ìrẹsì wá, tútù, tòun ti bánà, wọ́n ní ká dúró ká ya fọ́tò. A ò ní ìkòkò, a ò ní sítóòfù, ilé ọ̀rẹ́ bọ̀dá mi la sùn, ìyàwó ilé ti ń wò wá wọ̀ọ̀. Mo fi àpò ìrẹsì yẹn ṣe ìrọ̀rí. Ohun tí mo nílò lọ́jọ́ yẹn ni páàdì, ẹ má bínú, àti ṣájà fóònù. Àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo ló ronú kàn án.

Ìyá Ìbejì
Páàdì! Kò sẹ́ni tí í rántí. Ẹ̀kọ ló dáa ju ìrẹsì lọ, ṣáá ṣí ewé ẹ̀ kó o jẹ ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Gààrí ni. Gààrí ò nílò iná, kì í bàjẹ́, omi lásán ló fẹ́.

Ọmọ Kúdẹtì
Omi wo? Kànga ti gbe omi ṣálángá mì.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò
Ẹ ṣeun, ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dé. Kànga tómi bá wọ̀, ẹ má mu ún, ẹ má fi ṣan ẹnu, kódà tó bá mọ́ lójú. Ẹ sè é kó hó dáadáa, tàbí kí ẹ ra omi tó ṣeé mu. Lẹ́yìn omiyalé lonígbáméjì máa ń dé, ìyà omi lè má pa ọmọ kí ìgbẹ́ gbuuru wá pa á lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó gbé omi wá, ọṣẹ, àti iyọ̀ òun ṣúgà. Ìrẹsì lè dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ó dáa, gààrí pẹ̀lú omi púrẹ́. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni Bódìjà Àtijọ́
Mi ò fẹ́ sọ tèmi tẹ́lẹ̀. 16 January 2024, ọjọ́ Túsídeè, aago mẹ́jọ alẹ́ ò tíì lù, nǹkan bú gbàù ní Bódìjà. Gbogbo Ìbàdàn gbọ́ ọ, èmi kò gbọ́ ọ, èmi wà nínú ẹ̀. Síìlì já lu wá, gbogbo fèrèsé fọ́ sórí ibùsùn, iná lọ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni gómìnà wá sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pa mọ́ sílé kan níbẹ̀. Ilé tó bà jẹ́ lé ní àádọ́ta. Mo rí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa sínú mọ́tò ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ń dà sí wọn ní síìtì, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Èmi? Mo jókòó sórí títì, mò ń pe Jésù. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Aládùúgbò mi tó ti dàgbà ń ké láti inú ilé ẹ̀, mo gbọ́ ọ, n ò dìde. Ẹlòmíì ló yọ ọ́, ó yè. Ó sì ń kí mi dáadáa títí dòní, ó máa ń ní "o ṣeun, o gbàdúrà fún wa lọ́jọ́ yẹn". Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fèsì.

Ọmọ Pásítọ̀
Ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ̀rù kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ èèyàn.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ní 1980 èmi náà sá lẹ́ẹ̀kan kí n tó padà. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí.

Ọmọ Kúdẹtì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò ní ṣe yẹ̀yẹ́ níbí.

Ìyá Ìbejì
Ẹ lọ máa bá màmá yẹn jókòó nírọ̀lẹ́. Ẹ mú ẹ̀kọ dání.

Ẹni Bódìjà Àtijọ́
Bàbá ni. Àmọ́ mo gbọ́ mà.

Ẹyẹlé Funfun
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn alága lọ, mo pe àwọn kan lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mọ́kànlá ti dáwó, bọ̀dá kan ní òun máa gbé omi wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò sí ṣọ́bìrì ni ìṣòro tó kù.

Àfáà Kékeré
Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?

Ẹyẹlé Funfun
Ó ń lọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ la ti máa ṣínu.

Jagunlabí
Àmín. Mo ní ṣọ́bìrì méjì, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ Kúdẹtì
Háà! Jagunlabí mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀!

Bàbá Ẹlẹ́ran
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọkùnrin ewúrẹ́ yẹn, ṣé ẹ sanwó fún un?

Ìyá Ìbejì
Ìdajì.