Dáńlóòdù láti London ò kọjá 640KB, bẹ́ẹ̀ fáíbà 50Mbps ni mo ń san owó ẹ̀, buffer wo ni kí n fọwọ́ kàn?

ayaworan_bodija

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ sọ mí di wèrè. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àwọn oníbàárà mi kan máa ń ká ìgbéyàwó ní London, wọ́n á gbé fáìlì sórí server kan lọ́hùn-ún, èmi á dáńlóòdù ẹ̀, màá gé e màá tò ó. Fáìlì ẹyọ kan lè tó 40GB. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí spíìdì ò kọjá 640KB ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ó kàn dúró síbẹ̀ gbọnin bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, àárọ̀ o, òru o, kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ni 40GB máa gbà báyẹn, kó tó parí wọ́n á ti mú iná lọ ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Mo pe àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ̀kì fún mi, wọ́n ní kí n ṣe speed test, server Èkó ló yàn fúnra ẹ̀, ó gbé 48Mbps jáde, wọ́n ní ṣé ẹ ti rí i pé kò sí nǹkan tó ṣe wá. YouTube náà ń lọ geerege, 4K gan-an kì í dúró. Windows 11 ni mò ń lò, wáyà ni mo fi so ó mọ́ rúótà, kì í ṣe Wi-Fi. Ẹnì kan wá ní kí n lọ fẹ buffer nẹ́tíwọ̀kì lójú, ìyẹn àyè tí dátà máa ń dúró sí díẹ̀ kó tó kọjá, mo wọ Device Manager, mo rí Receive Buffers, 512 ló wà, mo sọ ọ́ di 2048, ibi tó wà náà ló ṣì wà.

omo_alatunse

Bọ̀dá, regedit ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wá TcpWindowSize, tí ò bá sí níbẹ̀ ẹ dá a sílẹ̀, ẹ fi 256960 sínú ẹ̀, ẹ rísítáàtì. Bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn kọ̀ǹpútà kaféè nìyẹn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ gan-an.

mama_sysctl

Ayé Windows XP lo ń sọ yẹn, àbúrò mi. Látìgbà tí Vista ti dé ni Windows ò ti ka TcpWindowSize kún mọ́, o lè fi mílíọ̀nù mẹ́wàá síbẹ̀, kò ní wò ó.

Ayàwòrán, dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Tó o bá ping server London yẹn, mílísẹ́kọ́ǹdì mélòó ló ń gbé jáde fún àlọ àti àbọ̀? Ṣé o ti fi IDM tàbí irú ẹ̀ wa fáìlì náà rí, kó pín in sọ́nà púpọ̀? Ẹ̀kẹta, ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn láìpẹ́ yìí, bóyá ó ní òun fẹ́ mú un yára?

ayaworan_bodija

Ẹ ṣé mà. Ping ń gbé 100 gééré jáde, ìgbà míì 101. Ti Èkó ò ju 6 lọ. Mo fi IDM dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà mẹ́jọ ló pín in sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ 5MB, ẹnu yà mí, àmọ́ server wọn kì í fẹ́ ẹ, ó máa ń já mi bọ́ lágbedeméjì.

Ti ẹ̀kẹta yẹn... ẹ ò rí i pé ẹ mọ nǹkan! Àbúrò mi ọkùnrin ló jókòó sídìí ẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó ní géèmù òun ń lag, ó wo fídíò kan, ó da kọ̀mándì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú netsh sínú ojú dúdú yẹn. Mi ò tiẹ̀ ronú kàn án.

mama_sysctl

Ọwọ́ ti tẹ olè. Ṣí Command Prompt, right-click ni kó o ṣe kó o yan Run as administrator, kó o tẹ:

netsh interface tcp show global

Wo ìlà Receive Window Auto-Tuning Level. Ó dá mi lójú pé disabled lo máa bá níbẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tẹ èyí:

netsh interface tcp set global autotuninglevel=normal

Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń kó gaàrí ránṣẹ́ sí ẹ láti ọ̀nà jíjìn, ìwọ lo sọ fún un pé yàrá ìkẹ́rùsí ẹ ò gbà ju àpò 64 lọ. Tó bá ti rán 64, á dúró, ó di ìgbà tó bá gbọ́ pé ó ti dé kó tó rán òmíràn. Kódà kí títì ṣófo kí mọ́tò ogún wà nílẹ̀, kò ní rán an. Bí TCP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń rán fáìlì síra wọn, ṣe rí nìyẹn, kọ̀ǹpútà tó ń gbà á ló ń dá iye. Àyè tí wọ́n sì ń kọ iye yẹn sí nínú TCP, bit 16 péré ni, kò lè ju 65,535 byte lọ. Ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì kan, RFC 1323 ti ọdún 1992, ló wá ọgbọ́n sí i, window scaling ni wọ́n ń pè é, òun ni auto-tuning ń lò láti máa fẹ yàrá yẹn bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá ti pa á, o ti padà sí 64KB nìyẹn.

Wá ṣírò ẹ̀. Ping 100 yẹn, ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì ni. 64KB ní gbogbo ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì, 640KB géérégé. Ìdí nìyẹn tí kò fi mì. Laìnì 50Mbps, nǹkan bí 625KB ló yẹ kó máa wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà tí ping bá jẹ́ 100, ìwọ ń fún un ní ìdá mẹ́wàá ẹ̀. Èkó tó jẹ́ 6, ìròyìn ti padà kíá, 64KB yẹn tó o lò, ló fi dà bíi pé kò sí nǹkan. IDM náà, yàrá mẹ́jọ ló gbà lẹ́ẹ̀kan. YouTube sì máa ń gba QUIC kọjá, orí UDP nìyẹn, ọ̀nà míì tí kì í ṣe TCP, bùráúsà ló ń ṣètò tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kò bá TCP Windows ṣe.

Receive Buffers inú Device Manager, dá a padà sí 512. Ìyẹn kì í ṣe KB, iye àyè tí káàdì nẹ́tíwọ̀kì ń to packet, ìyẹn ẹyọ dátà kéékèèké, sí ni kí CPU tó wá kó wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni.

oko_penguin

Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ubuntu ni tèmi, mo ti kó net.core.rmem_max=16777216 sínú sysctl.conf torí mo rí i níbì kan, 50Mbps náà ni lọ́dọ̀ mi. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

mama_sysctl

O ò ba nǹkan kan jẹ́, o ò sì tún nǹkan kan ṣe. Tẹ sysctl net.ipv4.tcp_rmem, wàá rí nọ́ńbà mẹ́ta, ẹ̀kẹta máa ń jẹ́ 6291456, 6MB nìyẹn, ibi tí auto-tuning lè fẹ̀ ẹ́ dé. Kódà tí kernel bá yọ tiẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ju ohun tí 50Mbps ń fẹ́ lọ dáadáa. rmem_max ò dí auto-tuning TCP lọ́wọ́, ti prógíráàmù tó bá fẹnu ara ẹ̀ bèèrè buffer ni, prógíráàmù tó bá sì bèèrè bẹ́ẹ̀ ti pa auto-tuning fún socket ara ẹ̀, ìyẹn ìsopọ̀ tó ń lò, ọ̀pọ̀ ò mọ̀yẹn. Ibi tó wúlò jù ni UDP. Tó o bá rí "failed to sufficiently increase receive buffer size" nínú log, 7500000 ni prógíráàmù yẹn ń wá, fún un.

ayaworan_bodija

Disabled ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́!! Mo sọ ọ́ di normal, mo tún dáńlóòdù náà bẹ̀rẹ̀, 5.4MB. Mo jókòó mo ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Wákàtí méjì, 40GB ti wọlé. Ẹ̀yin mà, ẹ máa jèrè ọmọ.

Ẹ má bínú, ó ku kékeré kan. Tí mo bá ń gbé fídíò tí mo ti ṣe tán padà sókè, kọ́ọ̀lù WhatsApp á máa já, ping á gun 900. Ṣé buffer yìí náà tún kéré ni?

mama_sysctl

Èyí tóbi jù ni. Inú rúótà tàbí módẹ́ẹ̀mù ló wà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ẹ, ó ń kó gbogbo ohun tó ò ń rán jọ sínú ìlà gígùn, packet kọ́ọ̀lù ẹ á wá lọ tò sẹ́yìn ìlà yẹn. Tí rúótà ẹ bá ní SQM, ètò tí kì í jẹ́ kí ìlà yẹn gùn jù, tàn án, yan CAKE tàbí fq_codel. Tí ò bá ní, dín spíìdì tó o fi ń gbé e sókè kù díẹ̀ sí iye tí laìnì ẹ lè gbé.

ayaworan_bodija

Kò ní SQM. 10Mbps ni laìnì mi ní ìgòkè, mo fi 1MB há a nínú áàpù tí mo fi ń gbé e, ping wà ní 110 báyìí, mo sì ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àbúrò mi ní géèmù òun ṣì ń lag o. Ìyẹn ò kàn mí.