Iná bátìrì ń ṣẹ́jú lórí ọkọ̀ àtijọ́: ṣé kábọ̀n alternator ni?

Àbíkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ti lé ní ọdún 25. Láti ìjẹta ni iná bátìrì ti ń tàn bàìbàì, á tún kú. Mo fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, fóltì 12.2 ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n mi fi èèkù sukurudíráfà lu alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì) kó, kó, kó, ló bá fò sókè sí 14.1! Kó tó di alẹ́, ó ti tún wálẹ̀. Bẹ́lítì le dáadáa. Ṣé kí n ra alternator mìíràn ni?

Bàbá Réwáyà: Má rà á o, ọmọ mi. Lílù tẹ́ ẹ lù ú tó fi jí yẹn ti tú àṣírí: kábọ̀n, ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ rotor (apá tó ń yí nínú alternator), ló jẹ tán. Ó ti kúrú débi pé sípíríìngì ò lè tì í kan òrùka bàbà ara rotor mọ́.

Tú wáyà négétífù bátìrì ná. Wáyà ńlá ẹ̀yìn alternator máa ń ní iná nínú, kọ́kọ́rọ́ ì báà wà lápò rẹ. Lára ọ̀pọ̀ alternator Bosch àtijọ́, súkúrúù méjì péré ló di kábọ̀n àti regulator (èyí tó ń ṣàkóso fóltì) mú. Dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bó o ṣe ń fà á jáde, kí kábọ̀n má bàa ṣẹ́. Tí èyí tó yọ síta ò bá tó mílímítà 5, ó ti parí. Wá tan tọ́ọ̀ṣì sí òrùka yẹn. Tó bá kàn dúdú, nù ún. Àmọ́ tó bá ti gbẹ́ kòtò tí èékánná ń há sí, kábọ̀n tuntun ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Alájòó: Tó bá jẹ́ irú kábọ̀n tí wọ́n ń fi lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ fi so wáyà) jó mọ́ra ni, ẹ ṣọ́ra. Mo jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì gun wáyà kábọ̀n lọ sókè, wáyà náà gan bí ìgbálẹ̀, kábọ̀n ò lè rìn nínú ilé rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, iná bátìrì tún dé.

Bàbá Réwáyà: Ó ṣe gbogbo wa rí. Pàápáà èmi.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣé, bàbá. Ọ̀kan ṣẹ́ kù mílímítà 7, èkejì ò ju 2 lọ, ó sì ti gé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀: 14.2, iná iwájú sì ń tàn o! Súkúrúù kan tó já bọ́ ló gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ mi. Orí ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló jókòó sí.