Kí la ó máa pe ẹni tó ń fi fọ́tò dárà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ Yorùbá méjì ló wà nílẹ̀ báyìí fún iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe fọ́tò kò jọ ti àwọn yòókù, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "experimental photography": ẹnìkan ní ká máa pè é ní "fọ́tò ìdánwò", ẹlòmíràn ní "fọ́tò àràmàǹdà". Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹni tó bá gbọ́ "fọ́tò ìdánwò", fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ìyẹn ti tán. "Àràmàǹdà" ló gba àlàyé. Ẹnu tó ya òǹwòran ló ń sọ, kò sọ ohun tí ayafọ́tò ṣe. Ẹ fi wá fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ewúrẹ́ olórí méjì àti iwin ojú fèrèsé lẹ ó rí. Ẹ ò ní rí Hiroshi Sugimoto, ọmọ Jàpáánì tó gbé kámẹ́rà lọ sínú ilé sinimá, tó ṣí ojú rẹ̀ bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀, tí kò sì pa á dé títí fíìmù fi parí. Gbogbo àwòrán tó kọjá lójú aṣọ sinimá yẹn dà pọ̀ mọ́ra, ó wá funfun báláú. Kò sí ohun abàmì kankan níbẹ̀: àga ni, ògiri ni. Àkókò ló fi dárà.

Ohun tó jẹ́ kí n dábàá "afifọ́tòdárà" nìyẹn. A mọ ẹni tó ń fi ìlù dárà, a mọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ dárà. Ẹ wo Jerry Uelsmann: nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, á gbé bébà kan ṣoṣo láti abẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń tan àwòrán sórí rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ òmíràn tó ní àwòrán mìíràn, títí igi fi léfòó lófuurufú tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Chris McCaw jẹ́ kí oòrùn jó bébà inú kámẹ́rà lu. Matthew Brandt ya adágún tán, ó ri fọ́tò náà sínú omi adágún ọ̀hún kí àwọ̀ rẹ̀ lè máa ṣí.

Àwọn kan ní "dárà" dún bí àṣehàn. Ṣé èébú ni tí a bá sọ ọ́ fún onílù?

Anna Atkins, obìnrin onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ni n kò ní kà mọ́ wọn. Ní 1843, ó tẹ́ ewéko inú òkun sórí bébà tí wọ́n fi èròjà onírin pa, ó sá a sóòrùn, ó fi omi ṣàn án. Bébà mú àwọ̀ aró, ojú ibi tí ewéko wà sì funfun. Kò lo kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò dárà: ìwé ewéko ló ń ṣe. Man Ray tó ń to nǹkan sórí bébà ní Paris ní 1922 kò lo kámẹ́rà bákan náà, àmọ́ tiẹ̀ dárà, ó tún wá fi orúkọ ara rẹ̀ pe fọ́tò ọ̀hún! "Fọ́tò aláìní kámẹ́rà" ló lè kó àwọn méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gùn jù lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.