Ṣé ẹyẹ kíkà lè fi ìyípadà ojú ọjọ́ hàn?

Olùkọ́ Ìbàdàn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti ṣe àkọsílẹ̀ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé a rí lékeléke lónìí, tí a sì rí àdàbà lọ́la, báwo ni ìyẹn yóò ṣe fi hàn pé ojú ọjọ́ ń yí padà?

Aṣọ́gbó:
Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Orúkọ ẹyẹ nìkan kò tó, ọ̀nà tí a gbà wá a ló ṣe pàtàkì. Nínú iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, tí ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos wà nídìí rẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ sí ìpín-ìpín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní òró àti ní ìbú. Ẹni tó bá wọ ìpín kan yóò fi ó kéré tán wákàtí 2 wá ẹyẹ káàkiri odò, oko, igbó àti àárín ìlú tó wà níbẹ̀, yóò sì máa to orúkọ wọn sórí áàpù BirdLasser bó ṣe ń kọ́kọ́ rí wọn tàbí gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tí a ti mọ bí ó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ẹyẹ tí kò rí pàápàá di ẹ̀rí. Ẹ wo lékeléke: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń ti Òkè Ọya wá bá wa, tí àwọn ọmọdé á máa na èékánná sí i, bí òjò bá sì dé, á padà. Bí àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún bá fi hàn pé ìgbà tó ń dé ti ń yẹ̀, a lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ òjò, kí a sì wò ó bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

Ará Maryland:
Kérésìmesì ọdún 1900 ni onímọ̀ ẹyẹ Frank Chapman bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí, kí àwọn ènìyàn lè máa ka ẹyẹ dípò kí wọ́n máa yìnbọn pa wọ́n. Nígbà tí Audubon, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí 40 ọdún wò ní 2009, wọ́n rí i pé nínú irú ẹyẹ 305, 177 ti sún sí ìhà àríwá nígbà òtútù, èyí tó bá ojú ọjọ́ tó ń móoru mu.

Ìyá Àdùkẹ́:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Ẹyẹ Ibadan Malimbe, tí kò sí níbòmíràn láyé àyàfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, igbó gígé ló ń lé e kúrò nílé. Nítorí náà, Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ipò igbó sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n má sì kọ ẹyẹ tí kò bá dá wọn lójú.