Gèlè wíwé l'Ábújá: orí-orí ni kí n gba owó, àbí òde-òde?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gèlè wíwé mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di òwò gidi ní Kubwa níbí. Wíwé rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro mi. Bí mo ṣe ń wé e nìyí: ẹ kọ́kọ́ fi síkáàfù de irun, torí gèlè máa ń yọ̀ lórí wíìgì. Ẹ ká etí gèlè léraléra láti iwájú, kí ẹ tó fi píìnì há a lẹ́yìn. Aṣọ òkè tó rọ̀ ló máa ń ṣubú tẹ́ ẹ ò bá so ó le.

Owó ló rú mi lójú. Gèlè kan ń gba bí ìṣẹ́jú 10. Ẹni 15 nínú ẹbí ìyàwó ti di wákàtí méjì àtààbọ̀, ẹni méjì ló yẹ kó wé e, ẹnì kejì sì máa gbowó. Ṣé iye orí ni kí n kà, àbí kí n dá iye kan lé gbogbo òde? Owó mọ́tò dé Lugbe ńkọ́? Ṣé ó bójú mu láti gba ìdajì ṣáájú lọ́wọ́ ará ilé ẹni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi gèlè àdéwọ̀ (èyí tí a ti wé sílẹ̀, tí a kàn máa ń dé bíi fìlà) ránṣẹ́ sí Kaduna tàbí Kano, báwo lẹ ṣe ń wọn orí oníbàárà tẹ́ ẹ ò rí?