Ìrora ẹsẹ̀ tó máa ń dé lóru

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ mi. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà, òun ló máa ń bá mi sá àdìrẹ nílé wa l'Ọ́ta-Ẹ̀fun, ní Òṣogbo níbí.

Nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, bọ́ọ̀lù la kọ́kọ́ dá lẹ́bi. A ní ó fẹsẹ̀ rọ́ ni. Mo gbé e lọ bá baba kan tó ń to eegun, ó fi òrí wọ́ ọ, ọmọ ké títí. Kò lọ. Ilé ìwòsàn kan ya X-ray, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n yẹ jínótáìpù wò, AA ni. Ẹnìkan níbẹ̀ wá ní iṣẹ́ ni kò wu ọmọ náà ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Bẹ́ẹ̀, lóru nìkan ló máa ń le. Tó bá di nǹkan bí aago méjì, á dìde jókòó lórí ẹní, á di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Tí mo bá fún un ní ibuprofen, kò ní pẹ́ tí á fi sùn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mi ò sọ èyí fún dókítà kankan rí, torí mo rò pé iṣẹ́ oògùn náà nìyẹn.

Dókítà eegun kan ló bi mí pé, "Màmá, ìgbà wo ló máa ń dùn ún jù?" Bí mo ṣe sọ ọ́, ó ní ká lọ ya CT scan. Ohun kékeré kan, kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ, ló wà nínú eegun tí ojúgun gùn lé. Osteoid osteoma ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kókó inú eegun, ara mi tutù. Mo bi í bóyá jẹjẹrẹ ni. Ó ní rárá, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Kókó náà ló ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin jáde, òun ló ń mú kó máa ro ó. Èròjà yẹn gan-an sì ni ibuprofen ń dí lọ́wọ́. Àṣé oògùn ti ń júwe àìsàn fún mi látọjọ́ yìí!

Dókítà ní kókó náà lè kásẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àmọ́ kí ọmọ máa gbé oògùn yẹn mì lójoojúmọ́ lè dá ọgbẹ́ sí i nínú. Níbi tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá wà, wọ́n máa ń ki abẹ́rẹ́ wọ inú eegun, wọ́n á fi ooru jó kókó náà. Iṣẹ́ abẹ ni tiwa. Wọ́n ha á kúrò, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, òun náà ni lóòótọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ojú abẹ ń ta á, ṣùgbọ́n ó ní, "Mọ́mì, ìyẹn ti lọ." Mi ò gbà á gbọ́. Mo jókòó tì í títí aago méjì fi kọjá. Kò tilẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà.